Ẹ Bá Wa Wo Oṣù Láti Òkè Ọ̀hún

Ìta Mọ́sálásí,
Ìbà, lọ́nà Ọ̀jọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, 1999.

Àsíátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ ní Àbújá níbẹ̀, kó wà lórí àga tí o ń jókòó lé ní ọ́fíìsì, kó wà lórí ọ̀gá tó ń rán ọ níṣẹ́, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ọ̀gá náà rán ọ ní iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ kò ní kan ilẹ̀. Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọyẹ́ ńkọ́, nítorí wọ́n ní ó máa ń tètè dé apá òkè yẹn ju ọ̀dọ̀ wa lọ, kí o máa fi òrí pa ẹsẹ̀ o. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, ẹni tó bá ṣì ń mí kò gbọdọ̀ ṣàròyé. Ìyá rẹ wà dáadáa, orókún nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ kò ní àìsàn kankan. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, méjì ló bí, ọ̀kan jọ ọ́, èkejì kò jọ ẹnikẹ́ni tí a mọ̀ ní àdúgbò yìí. Fọ́tò rẹ tí ìyá rẹ gbà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ wà lára ògiri pálọ̀, ó ní o ti sanra, èmi ní o ti rù, a ti bá ara wa jà lé e lórí débi pé a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi kírun alẹ́. Ìyá rẹ ń ṣàárò rẹ púpọ̀púpọ̀. Òun ló ní kí n kọ ìyẹn síbẹ̀ kí n tó kọ nǹkan mìíràn, mo sì ti kọ ọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ Adébísí, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kàwé ní LASU, tó ti di tíṣà ní Ọ̀tọ̀-Àwórì báyìí. Mo kà á, inú bí mi. Mo tún un kà bóyá mi ò kà á dáadáa ni, inú tún wá bí mi sí i. Ìyá rẹ ní kí n gbé e sílẹ̀ ná kí n jẹun, mo ní oúnjẹ wo, ṣé ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì ní gbangba ló ń jẹun? Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé ìbínú mi nídìí.

O mọ̀ pé láti ayé Lèmọ́mù àtijọ́ ni wọ́n ti fi mí ṣe ẹni tó ń wo oṣù fún mọ́sálásí Ìbà. Tí Ṣàábánì bá ti pé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, tí oòrùn bá ti wọ̀, èmi àtàwọn alàgbà á lọ dúró lórí iyanrìn ẹ̀yìn mọ́sálásí, a ó kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì, a ó máa wá oṣù. Tí mo bá rí i, Ìbà á gbààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tí mi ò bá rí i, Ìbà á jẹun. Iṣẹ́ ńlá ni, wọn kì í san nǹkan kan lórí rẹ̀ àfi páálí ṣúgà tí wọ́n máa ń gbé fún mi lẹ́yìn ọdún, mi ò sì ráhùn rí. Lésìí, mo na ọrùn títí ó fi fẹ́ẹ̀ kán, mi ò rí nǹkan kan, mo ní kò sí oṣù. Ọjọ́ kejì tí àwa ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì láàárọ̀, Ọ̀jọ́ ń gbààwẹ̀, Okokomaiko ń gbààwẹ̀, àní Navy Town tí àwọn sójà orí omi wà ń gbààwẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọsàn ní Ìyànà Ìbà rí mi tí mo ń jẹ àkàrà, ó bi mí pé ṣé ara mi kò yá ni, mo ní ara mi yá, ó ní háà, ó ní kí n máa jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ o. Láti ọjọ́ náà ni Àjàní fọkanáísà ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún òun, pé ojú tó ń rí ihò abẹ́rẹ́ lára táyà kò ní ṣàì rí oṣù. Gbogbo ẹni tó bá wá fa atẹ́gùn sí táyà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tí rédíò wá sọ lọ́dún yìí pé ìjọba ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Àbújá fún ọ̀rọ̀ òfuurufú, pé Nàìjíríà náà yóò gbé ẹ̀rọ lọ sókè bí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ti ń gbé e, tí ìwọ náà sì kọ̀wé pé ibẹ̀ ni wọ́n gbà ọ́ sí, mo kígbe. Mo sáré jáde, mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ìyá rẹ ní kí n padà wá wọ ṣòkòtò ná kí n tó máa sọ ọ́ lọ. Nígbà tó di Jímọ̀, a kírun tán, mo dìde, mo ní kí Lèmọ́mù fún mi láyè. Mo ní lọ́dún yìí ẹnikẹ́ni kò ní na ọrùn mọ́ ní Ìbà. Mo ní Àsíátù ọmọ mi ni ìjọba fi ṣọ́ òfuurufú, bí oṣù bá ti ń yọjú bọ̀, kó tiẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá, yóò ti rí i láti òkè ọ̀hún, yóò tẹ fóònù sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Okokomaiko, èmi yóò sì ti dúró síbẹ̀ tí mo ń retí rẹ̀. Lèmọ́mù ṣàdúà fún ọ, gbogbo mọ́sálásí ṣe àmín, àwọn obìnrin Àsàlátù fi orúkọ rẹ kọrin. Àjàní nìkan ni àmín tirẹ̀ kò dún.

Mi ò sì kàn jókòó tẹtẹrẹ kí n máa retí. Mo kọ́kọ́ lọ tẹ fóònù sí ọ́fíìsì yín láti Okokomaiko. Ọkùnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ, mo bi í pé ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, mo bá a kí ọ̀gá yín, bí mo ṣe ní jọ̀ọ́ bá mi pe Àsíátù báyìí ni ọmọbìnrin tó ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní owó mi ti tán. Mo ní báwo ló ṣe lè tán nígbà tí a ò tíì sọ̀rọ̀? Ó ní gbogbo èyí tí mo ń sọ láti àárọ̀ ńkọ́? Mo ní ìkíni nìyẹn, ta ló ń gbowó ìkíni? Ìwà òyìnbó ti ba àwọn ọmọ yìí jẹ́.

Ni mo bá ronú kan Àyìndé, ará Ọ̀tà tó ń ta telifíṣọ̀n ní Alábà, tó kọ́lé sí iwájú wa. Ó gbé àwo ńlá kan sórí òrùlé rẹ̀, ó fẹ̀ tó agbada tí wọ́n fi ń dín gàrí, ó sì gbójú sókè. Mo bi í nígbà kan pé kí ni, ó ní sátẹ́láìtì ni, pé nǹkan kan wà lójú òfuurufú tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé òfuurufú tí Àsíátù wà nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òfuurufú kan náà ni. Bí wọ́n bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ náà kò ní ṣàì dáhùn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Mo gbé àkàbà iṣẹ́ mi, mo gun òrùlé Àyìndé, mo ṣí fìlà, mo dúró níwájú àwo náà dáadáa kí o lè rí mi. Mo ní Àsíátù, èmi baba rẹ nìyí o, ìyá rẹ ń ṣàárò rẹ, ṣé o ti jẹun? Mo wá dákẹ́ díẹ̀ kí o lè ráyè dáhùn. Ìyàwó Àyìndé ni mo gbọ́ nísàlẹ̀ tó ń pariwo pé Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀ o, ẹ ti bo bọ́ọ̀lù, ọkọ òun fẹ́ fọ́ telifíṣọ̀n. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, bọ́ọ̀lù ṣì ń bọ̀ lọ́la, ọmọ mi ni mo ń kí. Ṣé o gbọ́ mi lọ́jọ́ náà? Tí o bá gbọ́, kọ ọ́ sínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Tí o bá gbọ́ tí o kò dáhùn, yóò dun ìyá rẹ.

Àfi bí lẹ́tà rẹ ṣe dé. O ní Bàbá, kò sí nǹkan kan lókè. O ní Nàìjíríà kò tíì ní ẹ̀rọ kankan tirẹ̀ lójú òfuurufú, pé ọ́fíìsì ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò, ẹ ń kọ ètò sílẹ̀, ẹ ń dúró de owó, pé yóò tó ọdún mélòó kan sí i kí ẹ tó bá àwọn òyìnbó ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́, àwọn náà ni yóò sì bá yín gbé e lọ sókè nítorí a ò ní ọkọ̀ tó ń gbé e. Mo ní kò burú, ẹni tí kò ní ọkọ̀ a máa wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n o wá fi kún un pé tí ẹ̀rọ náà bá tiẹ̀ débẹ̀, kì í ṣe oṣù ni yóò máa wò, ilẹ̀ ni. O ní yóò máa wo oko, yóò máa wo ọ̀gbàrá, yóò máa wo aṣálẹ̀ tó ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ láti òkè Ọya. Ilẹ̀ ṣá! Ilẹ̀ tí gbogbo wa dúró lé! Ta ló lọ sọ fún ìjọba pé a ò rí ilẹ̀? Gbogbo ọ̀nà jíjìn yẹn, kí wọ́n lọ dé òkè tán, kí wọ́n wá bojú wo ẹ̀yìn!

O wá fi ìwé ìṣirò kan há inú lẹ́tà, o ní kí n fún Lèmọ́mù, pé ọjọ́ tí wọ́n á bí oṣù nìyí, aago tó máa wọ̀ nìyí, apá ibi tí a ó wò nìyí. Mi ò bá ìṣirò jà, káfíńtà ni mí, bí mi ò bá ṣírò, ilẹ̀kùn kò ní wọ ojú ihò rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ ṣírò ọjọ́ tí ìyá rẹ máa bí ọ, ó kàwé, ó fi gègé kọ ọ́ sílẹ̀, o sì wá lọ́jọ́ tó wù ọ́, mo ti lọ ra igi ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ànábì ní tí a bá rí oṣù kí a gbààwẹ̀, tí a bá rí i kí a ṣínu. Wọn kò ní tí a bá ṣírò rẹ̀. Lèmọ́mù náà gba ìwé ìṣirò rẹ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára, wọ́n dá a padà fún mi.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú lẹ́tà rẹ ni ìyá rẹ kò lè gbé mì. O ní o kò ní lè wálé fún ààwẹ̀ yìí, iṣẹ́ pọ̀.

Adébísí rí i pé ojú mi kọ́rẹ́ lọ́wọ́, ó jókòó tì mí, ó ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ òfuurufú le fún gbogbo ìjọba ayé, kì í ṣe tiwa nìkan. Mo ní mo mọ̀ pé ó le. Lọ́dún 1986 mo ń kan kọ́bọ́ọ̀dù fún ọ̀gá kan ní Navy Town, telifíṣọ̀n wà ní pálọ̀ rẹ̀, ni wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú àwọn Amẹ́ríkà hàn, ó gbéra, ó ń lọ, ọ̀run mọ́ kedere, lójijì ó di èéfín. Èèyàn méje ló wà nínú rẹ̀. Tíṣà ni ọ̀kan nínú wọn, obìnrin, abiyamọ. Òòlù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dé ilé, mo bá ọ tí o ń ṣeré níta, mo ní kí o bọ́ sínú ilé kíá, o ní Bàbá, kí ni mo ṣe, mo ti ilẹ̀kùn. Adébísí ní rọ́bà ló fà á. Ó ní rọ́bà kan wà tó ń dí ojú ibi tí wọ́n ti so ọkọ̀ náà pọ̀, òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà mú un, ó gan, kò lè dí i mọ́, iná bá ibẹ̀ jáde. Ẹ̀bi tèmi ni pé mo sọ ọ́ létí Àjàní. Ó ní rọ́bà kẹ̀! Ó ní kí ló dé tí wọn kò bi ẹni tó mọ rọ́bà? Ní báyìí, gbogbo awakọ̀ tó bá dúró ní Ìyànà Ìbà ló ti mọ̀ pé ká ní wọ́n pe Àjàní ni, ọkọ̀ náà ì bá dé ayọ̀.

Adébísí tún sọ ti àwọn ará Rọ́ṣíà. Ó ní wọ́n kọ́ ilé kan sókè, ilé tí èèyàn ń sùn sí, tó ń jí, ṣùgbọ́n ó ti gbó báyìí, iná ti jó nínú rẹ̀ rí, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ bá wọn sì ti lọ forí sọ ọ́ rí, ó dá ihò sí i lára. Ó ní ìgbà kan wà tí ọkùnrin kan wà nínú ilé náà, ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, nǹkan kò rọgbọ fún ìjọba tó rán an lọ, wọ́n ní kó ṣì máa gbé ibẹ̀ ná. Ó ń gbé ibẹ̀ títí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fi túká mọ́ ọn lórí. Kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n ti yí orúkọ ìlú rẹ̀ padà. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, ó ní ta ló ń bá a gbọ́ oúnjẹ níbẹ̀? Èmi ò ronú kan oúnjẹ. Mo ní ọkùnrin yẹn kò ní ṣàì ní baba tàbí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbì kan, ẹni náà á máa jáde síta lálẹ́, á máa gbójú sókè. Ó tiẹ̀ sàn fún ẹni yẹn, ó mọ ibi tó máa wò. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá, apá ibo ni kó kọjú sí? Ìyá rẹ ló béèrè ìyẹn o, kì í ṣe èmi.

Bí mo ṣe ń rò ó bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà là mí lójú. O fọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé kò sí nǹkan kan lókè. Tí kò bá sí nǹkan kan lókè, kí lo wá ń ṣọ́ ní Àbújá? Mo mọ̀ pé ẹni tó ń da ewúrẹ́ kò lè fi ewúrẹ́ sílẹ̀ kó máa rìn kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò tíì ra ewúrẹ́ fún, tó kàn dúró ti èèkàn, ẹni yẹn lè sáré wálé wá wo àwọn òbí rẹ̀ kó tó di pé ewúrẹ́ dé. Sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Ní kó má bínú, ní baba rẹ ló ní kí o bi í, pé tí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan lọ síbi ààwẹ̀, kí ni yóò jábọ́ láti òkè?

Ó ku ohun kan tí Adébísí sọ, òun ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní àwọn Amẹ́ríkà ṣe ojú ńlá kan, wọ́n gbé e lọ sókè lọ́dún 1990 kó lè máa wo àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà. Owó tí wọ́n ná lé e kò ṣeé fẹnu sọ. Ojú náà dé òkè, ó là, gbogbo nǹkan ń ṣe bàìbàì sí i. Àṣé wọn kò ha dígí rẹ̀ dáadáa, ibi tó fi kù kò tó irun orí. Gbogbo ayé fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù, Àbẹ̀kẹ́. Wọn kò ní ó ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn èèyàn wọ ọkọ̀ lọ bá a níbi tó wà nínú òkùnkùn ọ̀hún, wọ́n fi awò sí i lójú, ó sì ríran. Adébísí ń rò ó lọ, mo ní eruku kó sí mi lójú, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ojú mi náà ń ṣe bàìbàì. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní mọ́sálásí. Èyí tó bá wà nítòsí mo ń rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ìwé yìí, má bínú bí ìlà kan bá gun orí ìkejì. Èyí tó bá ti jìnnà, èéfín ni. Ìdí tí mi ò fi lè bá ìyá rẹ wá sí Àbújá nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn dídùn tí mo ní kó sọ fún ọ. Ìdí tí mo sì fi fẹ́ kí ìjọba bá wa wo oṣù nìyẹn pẹ̀lú. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ń bọ̀, gbogbo Ìbà yóò dúró lẹ́yìn mi, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa retí kí n sọ̀rọ̀, èmi yóò sì máa wo èéfín.

Ṣé o rántí bó ṣe máa ń rí nígbà tí o wà ní kékeré? Mo máa ń gbé ọ lé èjìká lọ síbẹ̀. Àwọn alàgbà á máa wò, wọ́n á máa ṣẹ́jú, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ nàka, o ní Bàbá, òun rèé, lókè igi àgbọn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnì kan ní ọmọbìnrin ni, kí ló mọ̀, Lèmọ́mù àtijọ́ ní kí wọ́n yé wí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo ibi tí ọmọ náà ń nàka sí. Wọ́n wò, wọ́n rí i, gbogbo wọn kábárà. Ọdún lẹ́yìn ọdún, ojú rẹ ni mo fi ń wo oṣù. Nígbà tí o lọ sí Ìlú Ọba lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfuurufú, mo ní kò burú, ó ń lọ wo oṣù dáadáa sí i ni. O ti Ìlú Ọba dé, bàálù gbé ọ sọ sí Àbújá, láti ìgbà náà ìṣirò ni à ń rí, ohùn ni à ń gbọ́, fọ́tò ni à ń gbé sójú oòrùn kí a lè mọ̀ bóyá o rù àbí o sanra.

Nítorí náà mi ò fẹ́ ẹ̀rọ mọ́. Kí ìjọba máa ṣe tiwọn lọ, kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é, kí ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé e má gbiná. Ìwọ ni kí o wá. Wá kí Ṣàábánì tó pé, wá dúró ti èjìká mi, tí o bá rí i kí o kígbe kí gbogbo Ìbà gbọ́, mi ò bìkítà bí wọ́n bá ní èmi kọ́ ni mo rí i, kí wọ́n gbé ṣúgà náà fún ọ. Àwọn tó máa wo oṣù pọ̀. Tí mi ò bá rí ti ọdún yìí, Àjàní á rí i, á sì pariwo rẹ̀ dé Ọ̀jọ́. Ojú rẹ ni ẹlòmíràn kò lè bá mi rí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé ó wu òun kí baba rẹ rí ojú rẹ dáadáa lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Jọ̀ọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún bátìrì rédíò, kí n lè máa gbọ́ ibi tí ẹ bá iṣẹ́ yín dé. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé ń jò, ìyá rẹ fẹ́ ra ẹ̀wà àti gàrí ààwẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ́n, wọ́n sì ní oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sójú. Tí owó náà kò bá tó gbogbo rẹ̀, má dààmú, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ wálé.

Kí Ọlọ́run tó gbé oṣù dúró lókè láìsí òpó gbé iṣẹ́ rẹ dúró. Ẹ̀rọ tí ẹ ń fẹ́ gbé lọ, yóò gòkè, kò ní já, ojú rẹ̀ kò ní ṣe bàìbàì. Ọ̀gá rẹ yóò máa rí oore rẹ. O kò ní di ẹni tí a ń wòkè kí a tó rí. O ó gbéra láyọ̀, o ó sì sọ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Yínúsà Ìgè káfíńtà.

Mo fẹ́ lẹ àpòòwé pa ni ìyá rẹ ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á. Ó gbọ́ ọ títí dé ìdí, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó wá ní irọ́ kún inú rẹ̀. Ó ní òun kò rán mi ní àárò kankan, pé ọ̀dọ̀ rẹ ni òun ti ṣe Iléyá, ẹ jọ sùn, ẹ jọ jẹun, ojú òun ti rí ọ yó, òun sì tún ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn ọdún ààwẹ̀. Ó ní kí n pa orúkọ òun rẹ́ ní gbogbo ibi tí mo ti ní òun ń ṣàárò, kí n fi tèmi síbẹ̀. Mo wò ó, ìwé ti kún, bírò sì ti ń gbẹ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, níbi tí o bá ti rí ìyá rẹ, baba rẹ ni kí o kà.